Ọmọ ọdún 12 ta rọ́bà, ojú ọmọ àbúrò mi fọ́. Ṣé ẹjọ́ ọlọ́pàá ni?

Ọmọ Ìdẹ́nà (Kétu, Bẹ̀nẹ̀), Ọjọ́bọ̀ àárọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ojúmọ́. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Mo ní kí n gbé e wá síbí kí n tó sọ ohun tí mi ò ní lè kó padà nílé.

Ní Sátidé tó kọjá lọ́hùn-ún, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta ń fi òkúta ta máńgòrò lẹ́yìn ilé wa. Ẹ mọ bí àsìkò máńgòrò ṣe máa ń rí, kò sí ọmọ tó ń gbélé. Rọ́bà ni wọ́n mú dání, ìyẹn kànnàkànnà fún ẹ̀yin tí ẹ ń pè é bẹ́ẹ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 12. Ó fà á, ó ta á, òkúta gbá ẹ̀ka igi, ó yà, ó bá ọmọ àbúrò mi obìnrin lójú ọ̀tún. Ọmọ ọdún 9 ni. A gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní ká máa lọ sí Pobẹ̀. Pobẹ̀ ní ká máa lọ sí Kútọnù. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, dókítà ti sọ fún wa pé ojú yẹn ti lọ.

Owó tó ti jáde lọ́wọ́ wa báyìí jẹ́ 185,000 sẹ́fà, a ò sì tíì mọ iye tí ojú àtọwọ́dá máa jẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, bàbá ọmọ tó ta rọ́bà ò tẹ ilẹ̀kùn wa. Bí mo bá pariwo láti ẹnu ọ̀nà wa, á gbọ́ mi nílé rẹ̀. Ọkọ àbúrò mi ní tó bá di Mọ́ńdè, òun ń lọ sí kòmísáríà, kí wọ́n wá mú ọmọ náà, kí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án. Àbúrò mi ń sunkún pé òun ò fẹ́. Èmi wà láàárín wọn. Inú ń bí mi, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 12, wọ́n á pè é ní ọ̀daràn nítorí eré? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Alágbàdo

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìrọ́jú. Ọmọ ọdún 9! Ẹ bá mi kí ìyá rẹ̀ gan-an. Ọ̀rọ̀ ti ẹjọ́, màá padà wá sọ tèmi, àgbàdo ń jó lórí iná.

Bàbá Ìbejì (Àjàṣẹ́)

Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa jẹ. Ojú ló fọ́, kì í ṣe ìkòkò. Ẹ ó rí i, gbogbo ẹni tó bá máa kọ̀wé síbí á máa sọ pé eré ni, eré ni. Ọmọ tó wà ní CM2, kíláàsì tó gbẹ̀yìn ní pámárì, tí bàbá rẹ̀ lè rán lọ ra kpayo, epo bẹntiróòlù inú ìgò, kí ṣéńjì má dín, ẹ ní kò mọ̀ pé òkúta ń fọ́ ojú? Kí ló fi ń ta ẹyẹ lulẹ̀ láti ọjọ́ yìí? Tó bá jẹ́ àgbàlagbà ló ta òkúta náà, ṣé a máa jókòó síbí ká máa bi ara wa léèrè?

Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú un dé kòmísáríà, kó sun oorun òru kan níbẹ̀. Gbogbo ọmọ àdúgbò tó kù á ti ju rọ́bà wọn sínú ṣáláńgá kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìbéèrè kan ṣá o: ta ló fún wọn ní rọ́bà yẹn?

Onízẹ̀mí

Ọ̀gá Ìbejì, Kétu lọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ o, kì í ṣe Àjàṣẹ́. Bí wọ́n bá ti ọmọ ọdún 12 mọ́lé nítorí máńgòrò, Ẹ̀fẹ̀ á fi ọkọ àbúrò ẹ̀gbọ́n wa kọrin lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àwọn ọmọ á sì máa kọ orin náà tẹ̀ lé e dé ọjà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo kàn ní kí n pa yín lẹ́rìn-ín díẹ̀ ni. Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an.

Akọ̀wé Àjàṣẹ́

Ẹ ṣé tí ẹ béèrè kí Mọ́ńdè tó dé. Ìwé ẹjọ́ ni mò ń bá ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nílẹ̀.

Òfin nọ́ńbà 2015-08, ti ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2015, tí à ń pè ní Code de l'enfant, ló ń darí ọ̀rọ̀ ọmọdé ní Bẹ̀nẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 kò lè jẹ ìyà ọ̀daràn. Ohun tí adájọ́ lè ṣe ni kó fi í sábẹ́ alágbàtọ́, kó ní kí wọ́n máa ṣọ́ ọ, tàbí kó pàṣẹ pé kí wọ́n ran àwọn òbí lọ́wọ́ láti tọ́ ọ. Láti ọdún 13 títí á fi pé 18, ẹjọ́ lè wáyé, ṣùgbọ́n adájọ́ àwọn ọmọdé ló máa gbọ́ ọ, ìyà rẹ̀ kì í sì í ṣe ìyà àgbàlagbà. Nítorí náà, ọkọ àbúrò yín lè lọ sí kòmísáríà, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìwé náà dé ilé ẹjọ́ Pobẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n tó ń retí, kò sí níbẹ̀.

Bàbá Ìbejì béèrè pé tó bá jẹ́ àgbàlagbà ńkọ́. Ìbéèrè gidi ni. Òfin kì í fi èèṣì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà. Ẹni tó bá fi àìbìkítà ṣe èèyàn léṣe lè ṣẹ̀wọ̀n bí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é, ẹ bi àwọn awakọ̀. Ohun tí òfin máa ń bi í ni pé: ṣé kò yẹ kó o ti rò ó tẹ́lẹ̀? Ìbéèrè yẹn gan-an ni kò bá ọmọdé mu, torí ọmọ tó bá ń rò ó tẹ́lẹ̀ ti kúrò lórí eré.

Bàbá Ìbejì (Àjàṣẹ́)

Akọ̀wé, mo gbọ́. Ta ló wá sọ fún wọn pé ọdún 13 ni ọgbọ́n ń wọlé? Ọmọ tó ku oṣù kan kó pé 13 kò mọ nǹkan, tó bá di oṣù tó ń bọ̀, ó mọ gbogbo nǹkan? Mo mọ ọmọ ọdún 10 tó gbọ́n ju bàbá rẹ̀ lọ.

Ọmọ Ìlárá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Láti ọ̀dọ̀ wa níbí, èèyàn rìn díẹ̀, ó ti bọ́ sí Bẹ̀nẹ̀. Bí ọmọ kan náà bá dúró ní ẹ̀gbẹ́ tiwa tó ta òkúta kan náà, òfin mìíràn ló máa bá pàdé. Nínú òfin ìwà ọ̀daràn ti gúúsù Nàìjíríà, abala 30, ọmọ tí kò pé ọdún 7 kò lè dá ọ̀ràn rárá. Láti 7 sí ìgbà tó máa pé 12, kò jẹ̀bi àyàfi tí wọ́n bá fi hàn pé ó ní òye tó lè fi mọ̀ pé ohun tóun ń ṣe kò dára. Lẹ́yìn náà ni òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 dé, tó ní kí wọ́n má ṣe gbé ọmọdé gba ojú ọ̀nà ẹjọ́ àwọn ọ̀daràn mọ́, ilé ẹjọ́ ti àwọn ọmọdé ni kí wọ́n gbé e lọ. Ìpínlẹ̀ Ògùn wa wà lára àwọn tó gbà á.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 10 ni. Ní Scotland, ọdún 8 ni tẹ́lẹ̀, ọdún 2021 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo 12. Ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọdé ní ó kéré tán kó jẹ́ 14, ọdún 2019 ni wọ́n kọ ọ́. Ẹ̀yin ẹ wò ó. Ọgbọ́n kì í wọlé lọ́jọ́ kan, àwọn aṣòfin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní láti fa ìlà síbì kan, kí ọlọ́pàá má baà máa fi bí ọmọ ṣe ga tó mọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Onízẹ̀mí

Fi bí ọmọ ṣe ga tó! Ẹ̀rín pa mí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe àbúrò mi ní ọjọ́ kan, ó ga bí ọ̀pẹ, ọmọ ọdún 11.

Nọ́ọ̀sì Pobẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n kúrò lórí ẹjọ́ díẹ̀, nítorí ẹni tó ń kà á tó ní ọmọ nílé. Bí nǹkan bá gún ọmọ lójú, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má yọ ohun tó bá dúró sínú rẹ̀. Ẹ má fún ọmú sí i, ẹ má bu àgbo sí i. Ẹ mú ife tó mọ́ dé e láì jẹ́ kó kan ẹyinjú, kí ẹ sì gbé e lọ ní wàrà-ǹ-ṣe-ṣà. Ojú tó kù náà nílò àyẹ̀wò léraléra, torí nígbà míì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ojú tó dára jà nítorí èyí tó fọ́. Kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ Ìdẹ́nà, tí ó bá ní ìmọ́lẹ̀ ń ta òun lójú òsì, tàbí ojú náà pọ́n, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n fún yín. Ẹ gbé e padà lọ́jọ́ náà.

Mo padà sórí ẹjọ́. Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ̀rù ọlọ́pàá máa ń ṣe lọ́dọ̀ wa? Wọ́n á gbé ọmọ wá, wọ́n á ní ó ṣubú lé igi. Mo wo ojú, mo rí i pé kì í ṣe igi. Mo bi ìyá, ìyá wo ilẹ̀. Mo bi ọmọ, ọmọ wo ìyá. Òkúta ni, tàbí ìbọn ìṣeré, tàbí ọfà tí wọ́n fi irin agboòrùn ṣe. Nígbà tí wọ́n bá fi máa sọ òtítọ́, wákàtí ti lọ, bẹ́ẹ̀ ohun tó wọ ojú ló ń sọ fún dókítà ohun tó máa wá inú rẹ̀. Bí ẹ bá sọ èèṣì ọmọdé di ọ̀ràn ọlọ́pàá, gbogbo ìpalára á máa di "ó ṣubú".

Ìyá Alágbàdo

Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á bù kún ọ. Mo ti padà dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àdúgbò wa. Obìnrin kan ń ta kpayo níwájú ilé, ó to ìgò sórí tábìlì, ó kó jẹ́ríkáànù sí abẹ́ rẹ̀. Ọmọ aládùúgbò ń fi ìṣáná ṣeré, ọmọ ọdún 6. Ó ṣá a, ó jù ú. Ọlọ́run ló yọ wá, tábìlì àti orí ìlẹ̀kùn nìkan ló jó, ọmọ náà fi ọwọ́ jóná. Obìnrin náà jáde, ó ń pariwo pé kí wọ́n mú ọmọ yẹn, ọmọ burúkú ni, wọ́n ti rán an sí òun. Ìyá ọkọ mi, tó ti dàgbà gan-an, jókòó sórí àga, ó ní: "Ìwọ tó kó epo sí ibi tí ọmọ ń ṣeré, ta ló rán ìwọ?" Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ má gbé ọmọ yẹn lọ sílé ẹjọ́ o. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Bàbá Ìbejì (Àjàṣẹ́)

Màmá, mo júbà. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ wo ni wọ́n fẹ́ padà ṣe? Ọ̀sẹ̀ méjì, bàbá ọmọ kò wá kí wọn! Ẹni tí kò bá wá sọ pé "ẹ pẹ̀lẹ́", òun ló ti kọ́kọ́ gbé ọ̀rẹ́ lọ sí kóòtù. Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa fi òwe yẹn pa ẹni tó farapa lẹ́nu mọ́.

Tíṣà Ṣábẹ̀ẹ́

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá yìí dùn mí díẹ̀ torí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ CM1 àti CM2 fún ọdún 14, ẹ jẹ́ kí n sọ bí orí ọmọ ọdún 12 ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ẹ mọ àwọn òkè àpáta wa ní Ṣábẹ̀ẹ́. Eré kan wà tí àwọn ọmọ ibí máa ń ṣe tí kò sí bí a ṣe lù wọ́n tó tí wọ́n á fi í sílẹ̀: wọ́n á gun àpáta, wọ́n á yí òkúta wálẹ̀, wọ́n á máa wò ó bó ṣe ń fò. Lọ́dún kan, òkúta kan pa ewúrẹ́. Mo pe àwọn mẹ́rin tó wà níbẹ̀, mo bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ṣé ẹ mọ̀ pé òkúta lè pa nǹkan?" Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. "Kí ló dé tí ẹ fi yí i?" Ọ̀kan nínú wọn wò mí bíi pé èmi gan-an ni mi ò gbọ́n, ó ní: "Tíṣà, ewúrẹ́ ò sí níbẹ̀ nígbà tá a yí i."

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ọmọ mọ òkúta. Kò mọ ìrìn àjò òkúta. Ó mọ̀ pé tóun bá ta ọ̀rẹ́ òun lójú, ojú á fọ́, ìdí nìyẹn tí kò fi dojú rẹ̀ kọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Pé òkúta lè gbá ẹ̀ka kó yà, àgbàlagbà ló ń rò bẹ́ẹ̀, torí òun ti rí i rí. Bí ẹ bá fẹ́ fìyà jẹ ọmọ yẹn, ohun tí kò tíì rí rí ni ẹ ń fìyà rẹ̀ jẹ ẹ́.

Mo gbà pé ọmọ tó ta á pẹ̀lú ìbínú yàtọ̀. Ọmọ tí wọ́n ti kìlọ̀ fún lẹ́ẹ̀mẹta tó tún ta á sí àárín èrò yàtọ̀. Mi ò sọ pé kí wọ́n máa fọwọ́ pa gbogbo wọn lórí.

Akọ̀wé Àjàṣẹ́

Tíṣà, ẹ ti ṣe iṣẹ́ lọ́yà. Ẹ jẹ́ kí n fi apá kejì kún un, èyí tí mo rò pé ọkọ àbúrò Ọmọ Ìdẹ́nà ń wá láìmọ̀: owó, àti ẹni tó máa dá a lóhùn.

Pé òfin kò lè pe ọmọ ní ọ̀daràn kò sọ pé ẹni tó farapa máa lọ lọ́wọ́ òfo. Code civil, ìwé òfin lórí ọ̀rọ̀ àárín ará ìlú, tá a jogún lọ́wọ́ Faransé, àpilẹ̀kọ 1384, sọ pé bàbá àti ìyá ló máa dáhùn fún ìpalára tí ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn bá ṣe, àyàfi tí wọ́n bá lè fi hàn pé kò sí bí wọ́n ṣe lè dí i. Olùkọ́ náà wà níbẹ̀ fún àkókò tí ọmọ bá wà lábẹ́ ojú rẹ̀, Tíṣà ẹ má gbàgbé.

Ẹjọ́ kan wà ní Faransé tó jọ ti yín bí ìbejì. Ọmọ ọdún 7 ṣe ọrun fúnra rẹ̀, ó ta ọfà, ọfà fọ́ ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 1984, Cour de cassation, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀, sọ pé kò pọn dandan ká máa wádìí bóyá ọmọ náà mọ ohun tó ń ṣe. Tí ìṣe ọmọ bá ti fa ìpalára náà tààrà, bàbá ló máa dáhùn. Lọ́jọ́ kan náà yẹn, wọ́n dá ẹjọ́ ọmọ ọdún 3 kan tó ń ṣeré lórí pákó tí wọ́n sọ di jangirọ́fà. Pákó kán, ó ṣubú, igi ọwọ́ rẹ̀ gún ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lójú. Ọmọ ọdún 3! Wọ́n ní òun ló di igi náà mú, nítorí náà ẹrù ìpalára ibẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ìdájọ́ Faransé kò de adájọ́ wa, ṣùgbọ́n inú ìwé kan náà la ti ń kàwé, àwọn lọ́yà níbí máa ń tọ́ka sí wọn.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe: wọn ò pe ọmọ kankan ní ọ̀daràn, síbẹ̀ ẹni tó fọ́ lójú rí ẹni tó dá a lóhùn. Ọ̀nà méjì ni. Ìbínú ló ń jẹ́ ká dà wọ́n pọ̀.

Alábòójútó

Ẹ jọ̀ọ́, mo ti yọ ọ̀rọ̀ méjì kúrò tó dárúkọ àdúgbò àti iṣẹ́ bàbá ọmọ náà. Ọmọdé la ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo sì ṣàkíyèsí pé ìbéèrè kan wà tí ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ kò tíì dáhùn.

Ọmọ Ìdẹ́nà (Kétu), Sátidé òru

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ìbéèrè Bàbá Ìbejì ni mi ò lè dáhùn láti Ọjọ́bọ̀.

Èmi ni. Èmi ni mo ṣe rọ́bà náà.

Nígbà ọyẹ́, mo gé pàlàká igi gúáfà, mo gé rọ́bà inú táyà ọ̀kadà mi, mo fi awọ bàtà ògbólógbòó ṣe ibi tí òkúta ń jókòó. Ọmọ àbúrò mi ni mo fún. Mo mú un lọ sẹ́yìn ilé, mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dì í mú. Mo ní kó di ojú kan, kó fi ojú kan wò ó. Ohun tí mo sọ fún un gan-an nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, òun ló yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní rọ́bà, torí ọwọ́ tirẹ̀ ò tó máńgòrò tó wà lókè. Ọkọ àbúrò mi ò mọ̀ pé èmi ni mo ṣe é. Ó fi náílọ́ọ̀nù dúdú wé rọ́bà náà, ó gbé e sókè àjà, ó ní ohun ẹ̀rí ni, òun máa gbé e fún ọlọ́pàá. Mo ń wò ó.

Ìyá Alágbàdo

Áà. Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́.

Onízẹ̀mí

Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wa la ṣe rọ́bà fún ọmọ. Bàbá mi ló ṣe tèmi.

Bàbá Ìbejì (Àjàṣẹ́)

Àbúrò, mi ò béèrè kí n lè fi dẹ́bi fún ọ. Mo béèrè nítorí ìbéèrè yẹn ni ẹnikẹ́ni ò bèèrè nígbà tèmi.

Ẹ wo ìka ọwọ́ òsì mi, ẹ ò lè rí i lórí ìwé: ìka méjì ló ti gé. Mo jẹ́ ọmọ ọdún 8. Èmi àti ọmọ ilé kejì ń fi àdá gé ìrèké, mo di ìrèké mú, ó gé e. Ọmọ ọdún 11 ni òun. Àwọn òbí rẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ lóru, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn wọn ní Sẹ̀mẹ̀. Wọn ò wá kí bàbá mi títí bàbá mi fi kú. A jọ ń pàdé lọ́jà báyìí, àgbàlagbà ni àwa méjèèjì, ó máa ń yà sí ọ̀nà mìíràn bó bá rí mi. Ẹ rò pé ẹ̀wọ̀n ni mo ń wá fún un láti ọjọ́ yìí? Mo kàn fẹ́ kó dúró.

Lọ sọ fún ọkọ àbúrò rẹ. Kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ kó tó gbọ́ ọ níbòmíì.

Tíṣà Ṣábẹ̀ẹ́

Ọ̀gá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Mi ò ní bá yín jiyàn mọ́ lónìí.

Ọmọ Ìdẹ́nà (Kétu), Mọ́ńdè ọ̀sán

Mo sọ fún un ní Sọ́ńdè lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ó dìde, ó lọ sí oko, kò padà títí di ìrọ̀lẹ́. Kò lọ sí kòmísáríà láàárọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó ní kí ẹnikẹ́ni má rò pé òun ò ní lọ lọ́la.

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, èmi nìkan lọ sílé bàbá ọmọ tó ta rọ́bà. Mo bá a tó jókòó sínú òkùnkùn, kò tan iná. Bó ṣe rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àgbàlagbà tó jù mí lọ. Mo ní kó dìde. Ó ní láti ọjọ́ kẹta lòun ti fẹ́ wá, pé àwọn èèyàn ló sọ fún òun pé bí òun bá ti lọ bẹ̀bẹ̀, òun ti jẹ́wọ́ nìyẹn, wọ́n á mú ọmọ òun. Wọ́n ní a ti kọ orúkọ ọmọ náà sílẹ̀ ní kòmísáríà. Èmi mọ̀ pé a ò tíì kọ nǹkan kan. Ó wọlé, ó mú náílọ́ọ̀nù kan jáde, 60,000 sẹ́fà wà nínú rẹ̀. Ó ti tà lára àgbàdo tó fẹ́ gbìn. Owó yẹn ti wà lábẹ́ ẹní fún ọjọ́ mọ́kànlá.

Ọmọ náà kò sí nílé. Wọ́n ti gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ lóko, kò lọ sílé ìwé mọ́. Wọ́n ní kì í jẹun lálẹ́. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ ní Afọ́mọlójú.

Mi ò gba owó náà. Mo ní kó mú un wá fúnra rẹ̀.

Akọ̀wé Àjàṣẹ́

O ṣe dáadáa tí o kò gbà á. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ àwùjọ ní Kétu, ibi tí à ń pè ní CPS tẹ́lẹ̀ tó ti di GUPS. Ẹ kọ àdéhùn yín sílẹ̀ níwájú wọn, ẹ kọ iye owó àti ọjọ́ tí wọ́n á máa san án, ẹ so àwọn rìsíìtì ilé ìwòsàn mọ́ ọn. Ẹ fi sí i pé ojú àtọwọ́dá wà níbẹ̀, torí ọmọ ń dàgbà, wọ́n á máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rín lásán ò tó ṣe àdéhùn.

Ohun kan tún wà, mi ò ní fi pamọ́ fún ọ. Bó bá dé ilé ẹjọ́, lọ́yà wọn á gbé ọ̀rọ̀ rọ́bà tí o ṣe dìde, adájọ́ sì lè pín ẹ̀bi náà. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń ka owó, kí o mọ apá tó kàn ọ́.

Ọmọ Ìdẹ́nà (Kétu)

Mo ti mọ̀ ọ́n. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa ra ọ̀kadà mi.

Tíṣà Ṣábẹ̀ẹ́

Ọ̀rọ̀ ọmọ tó wà lóko yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ bá mi sọ fún bàbá rẹ̀ kó mú un padà sílé ìwé kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kó sì kọ́kọ́ lọ bá olùkọ́ rẹ̀ ní ilé. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ yẹn, olùkọ́ ló lè pa á, bàbá ò lè pa á. Bó bá pẹ́ lóko, á di orúkọ rẹ̀.

Ọmọ Ìdẹ́nà (Kétu), ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà

Mo ní kí n wá jíṣẹ́, torí ọ̀pọ̀ nínú yín ń béèrè.

Wọ́n wá. Bàbá, ìyá, ìyá àgbà, àti ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ọkọ àbúrò mi kò jáde sí wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, inú yàrá ló wà. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n padà wá, ó jáde, kò jókòó. Lọ́jọ́ kẹta, ó jókòó. A kọ ìwé náà lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ yẹn: 60,000 lọ́wọ́ kan, 15,000 lóṣooṣù, èmi á fi owó ọ̀kadà san ti ojú àtọwọ́dá àkọ́kọ́. Ó fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó sọ fún wọn níṣojú gbogbo wa pé inú òun ò tíì rọ̀, kí wọ́n má retí kí òun máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn gbọ́.

Nọ́ọ̀sì Pobẹ̀, a gbé e lọ fún àyẹ̀wò, ojú òsì dára.

Nígbà tí àwọn àgbà ń ka owó, ọmọ tó ta rọ́bà dúró lẹ́yìn ìyá àgbà rẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọmọ àbúrò mi jáde láti inú ilé pẹ̀lú báńdéèjì lójú, ó lọ dúró níwájú rẹ̀, ó ní: "Máńgòrò yẹn já?" Èkejì mi orí. Ó ní kò já.

Lálẹ́, ọkọ àbúrò mi gbé náílọ́ọ̀nù dúdú náà wálẹ̀ láti òkè àjà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, kò sọ̀rọ̀. Ó ṣì wà nínú yàrá mi. Láàárọ̀ yìí, ọmọ àbúrò mi wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní: "Bọ̀dá, rọ́bà mi dà?"

Mi ò tíì dá a lóhùn.